Ìkòkò Aró Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí jáde lónìí, torí bí mo bá tún gbé e mì, àìsàn ni yóò dà sí mi lára. Ó ti lé lóṣù méjì. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún gan-an, mi ò tíì lè sọ fún un.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé mi níbí, iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ni mò ń ṣe, abẹ́ ìjọba ni mo sì wà. Àwa là ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn tó ti kọjá lọ ṣe gbé ayé. Kì í ṣe wúrà là ń wá o! Àpáàdì, eérú, egungun ewúrẹ́ tí wọ́n jẹ tí wọ́n dà nù, ìyẹn ni wúrà tiwa. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, mo ti dàgbà níbẹ̀, ìfẹ̀yìntì ló kù.

Ní agboolé wa ní Bẹ̀yẹ̀rúnkà, Dọ́kítà ni wọ́n ń pè mí. Mo ti ṣàlàyé títí pé dọ́kítà ìwé ni mí. Ta ló ń gbọ́? Bí mo bá ti wọlé báyìí, ẹnìkan á na ẹsẹ̀ wíwú sí mi, òmíì á ní kí n bá òun wo ọmọ tára ẹ̀ ń gbóná. Nígbà tó yá, mo kúkú ń gbé oògùn ibà sínú báàgì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni Ìyá Aláró. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn ló sì tọ́ mi nígbà tí ìyá mi kú. Iṣẹ́ aró ni wọ́n ṣe títí. Ìyá tó bí wọn ṣe é, ìyá ìyá wọn náà ṣe é. Ẹ̀yìn ilé wa ni ìdí aró yẹn wà, níbi tí wọ́n ri àwọn ìkòkò ńláńlá mọ́lẹ̀ dé ọrùn, tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá ń ti Ọjà'ba bọ̀, imú wa ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti délé. Òórùn aró kì í ṣe kékeré! Ọwọ́ Ìyá dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn ọmọ iléèwé mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo sunkún délé, Ìyá ní kí n lọ sọ fún wọn pé ọwọ́ dúdú yẹn ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé wọn dáadáa mọ́, iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ ń bo àwọn ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀. Adìẹ ń jẹ̀ lórí ẹ̀, àwọn ọmọ ilé ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá nìkan ló mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Wọ́n á fi ọ̀pá wọn tọ́ka: ti ìyá mi rèé, ti ìyá ìyá mi rèé, èyí ni mo fi rẹ aṣọ tí bàbá ẹ fi gbé ìyàwó.

Àfi bí àwọn kan ṣe dé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri wa.

Gọ́tà ńlá ni wọ́n fẹ́ là, èyí tí yóò máa kó omi òjò láti òkè Mápó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò bá gọ́tà jà! Ta ló mọ ohun tójú àwọn ará Ògùnpa ti rí lọ́wọ́ omi tí yóò ní kí wọ́n má la gọ́tà? Ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbà ló dùn mí. Àárín gbùngbùn ìdí aró ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní òdìkejì ọ̀nà, àkìtàn lásán ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ gọ́tà yẹn sápá àkìtàn, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa ní ọ́fíìsì. Mo ní kó jẹ́ kí n wa ibẹ̀, kí n kọ rípọ́ọ̀tù, kí a fi han kọmítì tó ń bójú tó gọ́tà náà. Bí wọ́n bá ti gbà pé nǹkan ìtàn wà níbẹ̀, òfin ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, wọn ò sì ní rí ohun míì ṣe ju kí wọ́n yà á sápá àkìtàn.

Ọ̀gá tí mò ń wí yìí, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ o! Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ṣì mú. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìkòkò fífọ́ ni èmi Màmá, bó ṣe máa ń pè mí, fẹ́ fi dá iṣẹ́ ìjọba dúró. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Ó fún mi lọ́sẹ̀ méjì, ó ní kí n ṣáà rí i pé mo tẹ̀ lé ìlànà. Ẹ di ọ̀rọ̀ ìlànà yẹn mú o.

Èmi àtàwọn òṣìṣẹ́ mi méjì la bẹ̀rẹ̀. A gún èèkàn, a na okùn, a ń fi ṣíbí táwọn bíríkìlà ń lò họ ilẹ̀ ní ìpele ìpele, à ń sẹ́ yẹ̀pẹ̀. Àtàárọ̀ ni Ìyá ti gbé àga wọn tì wá. Wọ́n á ní ẹ rọra níbẹ̀ yẹn, ẹnu ìkòkò ti súnmọ́. Nígbà tí a bá sì họ díẹ̀ sí i, ẹnu ìkòkò náà nìyẹn!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí a rí! Ìkòkò mọ́kànlá, wọ́n tò wọ́n ní ìlà méjì, inú wọn ṣì dúdú bíi pé àná ni wọ́n da aró sí i. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni ààrò tí wọ́n fi ń sun igi di eérú aró wà. Nígbà tí a tún wọlẹ̀ díẹ̀, a rí àfọ́kù ìkòkò míì lábẹ́ àwọn wọ̀nyí, tó dàgbà jù wọ́n lọ. Ìyẹn ni pé àwọn aláró kan ti jókòó síbẹ̀ kí àwọn tí Ìyá mọ orúkọ wọn tó dé.

Ìkòkò kan wà, ẹnu ẹ̀ ti jẹ níbi kan ṣoṣo, ó ń dán. Mo fẹ́ máa kọ ọ́ sínú ìwé mi pé a ò mọ ohun tó fà á. Ìyá ní kí wọ́n fa òun dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ tìrora tìrora, wọ́n gbé ọrùn ọwọ́ wọn lé ibi tó ń dán yẹn. Ó bá a mu rẹ́gí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìyá àwọn máa ń gbọ́wọ́ lé tó bá ń fa aṣọ jáde nínú aró, pé òun náà ò rọwọ́ gbé síbòmíì nígbà tí ìkòkò náà kan òun. Lẹ́yìn náà ni Ìyá bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Mo ti wa ilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, mi ò rí i rí kí ẹni tó ni nǹkan jókòó tì mí, kó máa sọ ìtàn ẹ̀ sí mi létí.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nínú iṣẹ́ tiwa, bí a bá wa nǹkan tán, tí a ò ní gbé e kúrò níbẹ̀, a kì í fi í sílẹ̀ gbayawu. A óò ya fọ́tò ẹ̀, a óò wọ̀n ọ́n, a óò yà á sórí pépà, lẹ́yìn náà a óò tẹ́ ọ̀rá lé e, a óò da yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ bò ó padà. Ilẹ̀ ló ti ń tọ́jú ẹ̀ bọ̀, ilẹ̀ náà ni yóò máa tọ́jú ẹ̀ lọ. Òjò ò ní fọ́ ọ, ewúrẹ́ ò ní tẹ̀ ẹ́, olè ò ní rí i gbé. Ìlànà nìyẹn. Èmi gan-an ni mo fi kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn mi.

Ìyá ò gbà. Wọ́n ní, "Dọ́kítà, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá rí i. Ohun tójú bá rí, ẹnu ò lè sẹ́ ẹ."

Wọ́n ní bí àwọn kọmítì bá fojú kan ìkòkò ìyá òun, ojú á tì wọ́n, wọ́n á gbé gọ́tà wọn lọ síbòmíì. Mo rẹ́rìn-ín! Ẹ wo èmi ọ̀mọ̀wé. Mo ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, fọ́tò wà, ìwé wà, ayé ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń fojú rí nǹkan kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Kò tán síbẹ̀ o. Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ Ìyá méjèèjì mú, mo ní, "Màmá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ibí yìí. Ẹnikẹ́ni! Bí wọ́n wọ kóòtù wá, bí wọ́n gbé jíìpù wá, kódà bó jẹ́ gómìnà ló dé fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án títí màá fi dé."

Ìyá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ lo kàwé."

Mo kọ rípọ́ọ̀tù mi láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo lẹ gbogbo fọ́tò mọ́ ọn, mo gbé e fún ọ̀gá àgbà kó fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́ sí kọmítì. Ọjọ́ kejì ló ní kí n lọ ṣojú òun níbi ìpàdé kan ní Àbújá. Ìpàdé lórí kí ni? Lórí bí a ṣe lè dáàbò bo àwọn nǹkan tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀! Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà yín láyè.

Ìpàdé yẹn ni mo wà, mo pa ohùn fóònù mi, ó wà nínú báàgì. Nígbà tí a jáde lọ jẹun, ìpè méje ni mi ò gbé, ti Ìyá ni gbogbo ẹ̀. Mo pè wọ́n kíá.

"Dọ́kítà! Wọ́n dé o! Mo lé wọn lọ!"

Inú wọn ń dùn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rò ó fún mi. Èèyàn márùn-ún ló dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n ní kọmítì gọ́tà ni àwọn, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé nǹkan ìtàn wà lẹ́yìn ilé yìí, kí ẹnìkan fi han àwọn. Kí ni wọ́n rí? Ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti adìẹ. Obìnrin kan láàárín wọn ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bá àwọn hú u díẹ̀, kí àwọn ṣáà fojú kan ìkòkò kan péré. Ìkòkò kan péré o! Ìyá gbé àga wọn, wọ́n gbé e ka orí ibẹ̀ gan-an, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n ní ọmọ òun tó jẹ́ dọ́kítà ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Obìnrin yẹn bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó ní, "Màmá, ilé yín la fẹ́ gbà sílẹ̀ o." Ìyá ní irọ́ ni, pé Dọ́kítà ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á wọ kóòtù wá. Ọ̀kan nínú wọn sì wọ kóòtù lóòótọ́! Wọ́n dúró títí, wọ́n wo ara wọn, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n lọ.

"Wọn ò fọwọ́ kàn án rárá," Ìyá ń sọ, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wọn. "Ṣé mo ṣe é dáa?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé náà. Mo ní, "Ẹ ṣe é dáadáa, Màmá. Ẹ ṣeun."

Mo fò padà wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Ọ́fíìsì ni mo gbà lọ tààrà. Mo ní bóyá rípọ́ọ̀tù mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn, bóyá fọ́tò á gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Haa! Rípọ́ọ̀tù wà lórí tábìlì ọ̀gá, níbi tí mo gbé e sí gan-an, ìdí ife tíì ti fi òrùka sára páálí ẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ránṣẹ́. Ó ní mi ò kọ nọ́ńbà fáìlì sójú ewé àkọ́kọ́.

Nọ́ńbà fáìlì! Ó ní ìlànà ni, Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló ti fi sẹ́nu. Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àbí ọ̀lẹ lásán ni? Mi ò mọ̀, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ọlọ́run tó dá a ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi tiẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ti Ìyá, tí mo fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ lóde, kí ni nọ́ńbà fáìlì fẹ́ ṣe?

Mo gbé rípọ́ọ̀tù náà lọ fún kọmítì fúnra mi. Obìnrin aláṣọ funfun yẹn ló dá mi lóhùn. Ó ní àwọn ti kọ tàwọn, wọ́n ti fọwọ́ sí i lókè. Ó kà á sí mi létí: wọn ò rí ohunkóhun níbẹ̀, àwọn onílé ò sì gbà kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fọ́tò mi wò níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wò ó tán, ó ní, "Dọ́kítà, ká ní mo fojú mi rí ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní fọwọ́ sí i. Wallahi, mi ò ní fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ Ajé ni katapílà dé.

Fọ́máàn wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo bẹ̀ ẹ́, ó fún wa ní wákàtí kan kí a yọ ohun tí a bá lè yọ. Ìkòkò tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìkánjú fà. Oṣù kan ló yẹ kí n fi yọ ọ̀kan. Èyí tẹ́nu ẹ̀ ń dán yẹn ni mo kọ́kọ́ dì mú. Mo họ ìdí ẹ̀, mo họ ìdí ẹ̀, mo rọra gbé e. Ó fọ́ sí mi lọ́wọ́, àfọ́kù ẹ̀ sì bọ́ padà sínú kòtò. Kì í ṣe katapílà ló fọ́ ọ o. Èmi ni.

Ìyá rí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́, má fi gé ọwọ́ ẹ.

Wákàtí kan pé. Katapílà wọlé. Kò lò tó ìdajì wákàtí lórí àwọn ìkòkò mẹ́wàá tó kù.

Ohun tó ń jẹ mí lẹ́ran ara rèé. Ìyá ò mọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Ìyá rò pé ìjọba ló burú, pé gbogbo ohun tó yẹ kí òun ṣe ni òun ṣe, pé Dọ́kítà òun jà fún òun, apá ò ká a ni. Ní gbogbo ìrun Àsùbáà, wọ́n ń ṣàdúà fún mi. Wọ́n ń ṣépè fún obìnrin aláṣọ funfun yẹn, obìnrin tó kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n! Mo sì ń ṣe àmín sí àdúà, mo ń dákẹ́ sí èpè. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo ti dà?

Láàárọ̀ yìí ni Ìyá tún pè mí. Wọ́n ní òun àti àwọn ọmọ ilé ti ń ṣa àfọ́kù nínú yẹ̀pẹ̀ tí katapílà kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Wọ́n ti kún bàsíà kan. Wọ́n ní òun ti rí ẹnu ìkòkò ìyá òun, ibi tó ń dán yẹn gan-an, kò fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Dọ́kítà, ṣé kí n da yẹ̀pẹ̀ bò ó fún ẹ títí wàá fi dé?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo di fóònù mú, omi ń jáde lójú mi. Mo ní, "Màmá, ẹ má bò ó. Ẹ gbé e síwájú ilé, kí gbogbo ayé rí i."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ lo kàwé."

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo ti fi ìlànà dí àwọn èèyàn lẹ́nu káàkiri, nínú agboolé àwọn ẹlòmíì, mi ò mọ̀ ọ́n lára àfi ìgbà tó dé ilé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, bí àgbàlagbà tí kò mọ̀wé bá ní kí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn wa gbà wá gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n lè tìtorí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ṣe yẹ kó máa bà wá.

Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, mò ń lọ sí Bẹ̀yẹ̀rúnkà láti lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá. Mo ti pinnu. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, mo ti sọ̀rọ̀ níwájú mínísítà rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹnìkan ti tìtorí ọ̀rọ̀ yín pàdánù nǹkan rí, tẹ́ ẹ sì padà lọ sọ òtítọ́ fún un, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mo nílò.